Ọ̀sán Tí Àǹtí Rẹ̀mí Kò Sí Nínú Rédíò

Bí mo bá ti ibi iṣẹ́ dé, tó rẹ̀ mí, tí mo tan rédíò àtijọ́ tí bàbá mi fi sílẹ̀, òórùn eruku tó ń gbóná nínú rẹ̀ máa ń gbé mi padà sí ilé wa ní Ìkọ̀tún.

Ayálégbé wa ni Àǹtí Rẹ̀mí. Òun ló ń ka ìròyìn ọ̀sán ní ilé iṣẹ́ rédíò kékeré kan, èmi sì gbà pé inú àpótí yẹn ló ń wọ̀ lọ láràárọ̀.

Lọ́jọ́ kan, ó wálé kí àkókò ìròyìn tó tó. Ọkùnrin tó ń gbé àwo orin sórí ẹ̀rọ níbi iṣẹ́ rẹ̀ àti ẹni tó ń tún ẹ̀rọ wọn ṣe bá a wá. Ìyá mi tẹ́ ẹní fún wọn, ó po gààrí olómi tútù, ṣùgbọ́n wọn ò fọwọ́ kàn án.

Ìròyìn bẹ̀rẹ̀. Ohùn ẹlòmíràn ni.

“Àǹtí, ta ló wà níbẹ̀?”

“Ọmọ tí mo kọ́ níṣẹ́ ni.”

Mo ti dàgbà kí n tó mọ̀ pé wọ́n lé àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kúrò lẹ́nu iṣẹ́ láàárọ̀ ọjọ́ náà.

Ìyá mi nawọ́ láti pa rédíò.

“Ẹ fi sílẹ̀ jàre, Ìyá Ṣadé. Ẹ jẹ́ kó kà á tán.”

Ọmọbìnrin náà ń sáré kà á, ohùn rẹ̀ ń gbọ̀n. Àǹtí Rẹ̀mí sún mọ́ àpótí náà. “Rọra,” ló ń sọ fún un. “Mí díẹ̀. Rọra.”

Nígbà tí ìròyìn parí, Àǹtí Rẹ̀mí wo àwọn ọkùnrin náà.

“Ó gbìyànjú, àbí?”

“Ó gbìyànjú gan-an,” ni alátùn-únṣe náà fèsì.

Àǹtí Rẹ̀mí fẹ̀yìn lélẹ̀ lórí ẹní tòun ti bàtà, ó sì sùn títí wọ́n fi pe ìrun Màgàríbì.