Bàbá Má-Tú-U àti Ẹ̀rọ Àyà Rẹ̀

Ọjọ́ tí Bàbá Má-Tú-U bá dókítà jiyàn lórí ọkàn ara rẹ̀, àwọn nọ́ọ̀sì kò gbàgbé rẹ̀ títí dòní.

Ogójì ọdún gbáko ni bàbá fi tún ẹ̀rọ tó ń fa omi ṣe. Èyíkéyìí tí wọ́n bá gbé wá, ohun tó máa kọ́kọ́ wí ni pé, "Ẹ má tú u! Ẹ fọ̀ ọ́ ná." Ibẹ̀ ló ti gba orúkọ. Nígbà tí ọkàn rẹ̀ kò lágbára mọ́, tí wọ́n fi ẹ̀rọ kékeré tí bátìrì rẹ̀ wà níta ara sí i láyà láti máa bá a ti ẹ̀jẹ̀, ó ní iṣẹ́ òun ló tẹ̀lé òun wọlé.

Láàárọ̀ ọjọ́ náà, ó pe ọmọ rẹ̀ obìnrin tó ń tọ́jú rẹ̀. "Nǹkan ti há sínú ẹ̀rọ mi. Ìró rẹ̀ ti yí padà." Ọmọ gbé etí lé e láyà, kò gbọ́ ìyàtọ̀ kankan. Síbẹ̀, ó gbé e lọ sí ilé ìwòsàn.

Dókítà obìnrin yẹ̀ ẹ́ wò, ó ní ẹ̀jẹ̀ ti dì sínú ẹ̀rọ lóòótọ́. "Bàbá, àfi ká la àyà yín, ká pààrọ̀ ẹ̀."

"Ẹ má tú u! Ẹ fọ̀ ọ́ ná."

"Oògùn tó ń yọ́ ẹ̀jẹ̀ dídì wà. Àmọ́ ó lè mú kí ẹ̀jẹ̀ ya sínú ọpọlọ yín."

"Bí ẹ bá là mí ńkọ́?"

Dókítà wo ilẹ̀. "Ẹ ti dàgbà, Bàbá. Ẹ lè má jí."

"Ẹ rọra máa da oògùn yẹn sí i díẹ̀díẹ̀ nígbà náà. Bí omi bá pọ̀ jù lẹ́ẹ̀kan, páìpù ló ń bẹ́."

Dókítà ní bí àwọn ṣe ń ṣe é gan-an nìyẹn. Bàbá ní, "Ta ló kọ́ yín?"

Ọjọ́ méjì ni oògùn fi ń kán sí i lára. Ọmọ rẹ̀ ò kúrò níbẹ̀, ojú rẹ̀ ò kúrò lẹ́nu bàbá, bóyá ọ̀rọ̀ á lọ́ mọ́ ọn lẹ́nu. Nọ́ọ̀sì kan ń dán ọpọlọ bàbá wò: "Bàbá, ọjọ́ wo lòní?"

"Ọjọ́ tí ẹ bi mí léèrè lẹ́ẹ̀mẹwàá ni."

Lọ́jọ́ kẹta, ẹ̀rọ bẹ̀rẹ̀ sí í kùn geere. Ìgbà náà ni dókítà bèèrè bóyá ó ń lo hóró oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì. Bàbá wo ògiri. "Ẹ̀rọ tó ń ṣiṣẹ́ dáadáa, kí la tún ń da òróró sí i fún?"

"Bàbá!" Ọmọ tí kò sunkún látọjọ́ yìí bú sẹ́kún. Látìgbà náà, òun ló ń fi oògùn sí bàbá lẹ́nu, bàbá á sì la ẹnu fún un kó yẹ̀ ẹ́ wò.

Ó lo ọdún mẹ́ta sí i kó tó sùn lọ wọ́ọ́rọ́wọ́. Nígbà tí ọmọ rẹ̀ lọ dá bátìrì ẹ̀rọ náà padà sí ilé ìwòsàn, obìnrin kan tó jókòó de dókítà dìde. "Ṣé ọmọ Bàbá Má-Tú-U ni yín? Nígbà tí wọ́n fi ẹ̀rọ tèmi sí mi láyà, ẹ̀rù ò jẹ́ kí n lè pààrọ̀ bátìrì. Bàbá jókòó tì mí. Wọ́n ní lọ́jọ́ àkọ́kọ́ tiwọn, ńṣe làwọn sunkún, pé ẹ̀yin lẹ di àwọn lọ́wọ́ mú."

Ọmọ náà bú sẹ́rìn-ín. Ohun tí bàbá ń sọ fún gbogbo àlejò ilé ni pé lọ́jọ́ àkọ́kọ́ yẹn, ọmọ òun ló sunkún, tí òun sì dì í lọ́wọ́ mú. Ọmọ kò sì já bàbá nírọ́ rí.

"Bẹ́ẹ̀ ni," ó sọ fún obìnrin náà, ó ń nu ojú. "Ọwọ́ wọn gbóná gan-an."