Ọkọ́ Tí Màámi Ní Kí N Rẹ Sómi

"Orí ọkọ́ mi ti ń mì. Bá mi rẹ ẹ́ sómi kó o tó sùn."

Ohun tí Màámi sọ fún mi kẹ́yìn nìyẹn. Wọ́n wà nínú yàrá wọn. Èmi wà ní pálọ̀ lórí àga onígi, bàtà oko ṣì wà lẹ́sẹ̀ mi. Mo ní, "Ó dáa, mà." Mo gbọ́ tí bẹ́ẹ̀dì wọn dún.

Mi ò rẹ ẹ́. Kì í ṣe pé inú ń bí mi. Mo bọ́ bàtà kan, oorun sì gbé mi lọ kí n tó bọ́ ìkejì.

Igi ni ẹ̀rúkọ́. Nígbà ẹ̀rùn, igi á gbẹ, á súnkì, irin tó wà lórí rẹ̀ á wá máa mì. Tí wọ́n bá rẹ ẹ́ sómi mọ́jú, igi á mu omi, á wú, á di irin mú gírígírí. Abọ́ kan àti omi díẹ̀, ó tán. Iṣẹ́ ìṣẹ́jú kan ni.

Àwa méjì péré là ń gbé inú ilé náà. Bàbá wa kú nígbà tí mo wà ní kíláàsì karùn-ún. Ọdún tó tẹ̀ lé e ni mo kúrò nílé ìwé. Màámi ò ní kí n kúrò, wọn ò sì ní kí n padà. Oko náà kéré, àmọ́ ó ju ọwọ́ méjì lọ. Àbúrò mi obìnrin ló bá wa kàwé náà. Ó wà ní ìlú ńlá báyìí, ó ń tajà ní ṣọ́ọ̀bù oògùn, ó sì ti lọ́kọ. Tó bá pè, Màámi ló ń bá a sọ̀rọ̀. Wọ́n á na fóònù sí mi ní ìparí, èmi á ní kó bá mi kí ọkọ rẹ̀.

Èmi àti Màámi kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ọkọ́ ló ń bá wa sọ ọ́. Ibi tí ẹni tó kọ́kọ́ dé oko bá ti ṣíwọ́, á fi ọkọ́ gún ilẹ̀ níbẹ̀, ẹnì kejì á bẹ̀rẹ̀ láti ibẹ̀. Kò sí ìbéèrè. Tí inú wọn bá dùn sí mi, màá bá ọkọ́ mi lábẹ́ igi, níbi tí ibòòji wà, ìyẹn ni pé kí n kọ́kọ́ sinmi. Tí mo bá ṣẹ̀ wọ́n, ìparí ìlà tó jìnnà jù ni màá ti lọ mú un. Mo ti rin ìrìn gígùn lọ bá ọkọ́ mi rí, láìmọye ìgbà.

Gbogbo ẹ̀rùn ni wọ́n máa ń dá iṣẹ́ tuntun sílẹ̀. Tí àgbàdo bá ti wọlé, tí wọ́n ti so ti irúgbìn mọ́ òkè ààrò kí èéfín lè máa kàn án, ọwọ́ wọn ò ní lè gbélẹ̀ mọ́. Ẹ̀rùn kan, ilé ehoro ni. Wọ́n kan ẹ̀gbẹ́ mẹ́ta, wọ́n ní ìkẹrin di ọdún tó ń bọ̀. Àwọn ehoro ò dúró de ọdún tó ń bọ̀.

Káfíńtà tó ń gbé ìsàlẹ̀ ọ̀nà ló sọ wọ́n ní Ìyá Aláṣetì, torí òun ni wọ́n máa ń pè wá parí ohun tí wọ́n bá bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀rùn mìíràn, a gbẹ́ kòtò ẹja. Oṣù méjì la fi gbẹ́ ẹ. A da omi kún un ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ilẹ̀ ti mu gbogbo rẹ̀. Káfíńtà wá dúró létí kòtò, ó fi ayùn sábẹ́ apá.

"Ìyá Aláṣetì, ẹja yín ńkọ́?"

"Wọ́n lọ kí ìyàwó ẹ."

"Ìyàwó mi ò rí àlejò kankan o."

"Kò lè rí wọn. Ojú tó fi yàn ẹ́ náà ló ń lò."

Káfíńtà rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sórí erùpẹ̀ tí a gbẹ́ jáde. Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ parí nǹkan kan kí n tó kú."

"Tí mo bá ń parí ẹ̀, kí ni wàá máa jẹ?"

Ọ̀gẹ̀dẹ̀ la gbìn sínú kòtò náà. Odi ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó so lọ́dún kejì, èmi àti káfíńtà la jọ gbé e wálé. Màámi ní ohun tí àwọn ní lọ́kàn láti ìbẹ̀rẹ̀ nìyẹn.

Ohun kan ṣoṣo tí wọ́n parí ni ọ̀nà omi. Wọ́n la ọparun sí méjì, wọ́n so ó mọ́ etí páànù abà oko, kí òjò lè máa gba inú rẹ̀ wọ dúrọ́ọ̀mù tó wà lẹ́yìn abà. Wọn ò pe káfíńtà. Èmi di àkàsọ̀ mú, àwọn fúnra wọn gun òkè. Nígbà tí òjò àkọ́kọ́ rọ̀, wọ́n dúró sínú ẹ̀, aṣọ wọn rin gbingbin, wọ́n ń wo bí omi ṣe ń wọ dúrọ́ọ̀mù. Mo ní kí wọ́n wọlé.

Wọ́n ní, "Fi mí sílẹ̀. Jẹ́ kí n wo ohun tí mo parí."

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ tí mò ń sọ yìí, wọ́n ti lọ kí n tó jí. Bàtà kan ṣì wà lẹ́sẹ̀ mi. Mo wo ẹ̀yìn ilẹ̀kùn, ọkọ́ wọn ò sí níbẹ̀. Ìgbà yẹn ni mo rántí. Mo kọ́kọ́ gbé àgbàdo adìẹ lọ sí ẹ̀rọ ìlọ̀, torí ó ti tán láti ìjẹta. Èrò pọ̀ níbẹ̀. Nígbà tí mo fi máa dé oko, agogo ilé ìwé tó wà lójú ọ̀nà ń dún, èyí tí wọ́n fi ń tú àwọn ọmọ sílẹ̀ láti ṣeré. Aago mẹ́wàá ni wọ́n máa ń lù ú.

Mo rí ẹ̀rúkọ́ wọn tó dúró lóòró nínú ìlà kẹrin. Irin rẹ̀ wà lórí ebè lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀. Ó ti yọ.

Ẹlòmíràn ì bá ti ké sí wọn. Èmi ò ké sí wọn. Ní ilé wa, igi tó bá dúró nílẹ̀ báyẹn, ohun tó ń sọ ni pé: mo ti kúrò níbí, bẹ̀rẹ̀. Mo rò pé wọ́n lọ bá káfíńtà kó bá àwọn fi igi há a. Mo mọ̀ pé wọ́n máa padà wá, àti pé mi ò ní lè wò wọ́n lójú. Mo ní kí n ti kọ ebè tó pọ̀ kí wọ́n tó dé, bóyá ìyẹn á tù wọ́n lójú. Mo dorí kodò. Mi ò gbójú sókè wo ibì kankan, torí mi ò fẹ́ rí wọn lọ́nà kí n tó ṣe dáadáa. Ebè méjìlélógójì ni mo kọ. Mi ò kọ irú ẹ̀ rí láàárín àsìkò yẹn.

Òùngbẹ wá ń gbẹ mí. Mo lọ sí ẹ̀yìn abà, níbi dúrọ́ọ̀mù.

Wọ́n jókòó síbẹ̀. Wọ́n fẹ̀yìn ti dúrọ́ọ̀mù, wọ́n na ẹsẹ̀ méjèèjì bí ẹni tó ń sinmi. Abọ́ tí a fi ń rẹ ọkọ́ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, wọ́n ti bu omi dé ìdajì rẹ̀. Fóònù wà lórí itan wọn.

Mo pè wọ́n. Ìgbà yẹn ni mo tó wá pè wọ́n.

Láti ibi ẹ̀rúkọ́ dé ibi dúrọ́ọ̀mù, ìṣísẹ̀ méjìlélọ́gbọ̀n ni. Mo ti rìn ín lẹ́ẹ̀mejì kí n lè mọ̀.

Nọ́ọ̀sì tó wò wọ́n ní ọkàn wọn ló dúró. Mo bi í pé láti ìgbà wo. Ó ní ó ti ṣe díẹ̀. Mi ò bi í pé díẹ̀ mélòó. Gbogbo ẹni tó bi mí ní ọ̀rọ̀, ohun tí mo sọ fún wọn ni pé bí mo ṣe dé oko ni mo rí wọn. Mo sọ ọ́ fún káfíńtà. Mo sọ ọ́ fún àbúrò mi. Ó yẹ kí irọ́ rọrùn tí èèyàn bá ti tún un sọ. Èyí ò rọrùn.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni àbúrò mi lò lọ́dọ̀ mi lẹ́yìn ìsìnkú. Ó gbá yàrá Màámi, ó ká aṣọ wọn, ó tún un ká. Òjò àkọ́kọ́ rọ̀, ìkejì rọ̀. Àwọn àgbẹ̀ yòókù ti gbìn. Èmi ò lọ sí oko. Káfíńtà yà wò wá, ó gbójú wo àgbàdo tó wà lókè ààrò.

Ó ní, "Ṣé ọṣọ́ ni wọ́n fi èyí ṣe? Òjò kì í bá èèyàn ṣọ̀fọ̀ o, ọmọkùnrin."

Mo ní mo ti gbọ́, sà.

Ẹ̀rúkọ́ náà ṣì wà nínú ìlà kẹrin. Mi ò tíì lè fà á tu.

Ó wá ku ọjọ́ kan kí àbúrò mi lọ. Mo ti mọ̀ pé tó bá lọ láìgbọ́ ọ, èmi nìkan ni màá máa bá ọ̀rọ̀ náà gbé nínú ilé yẹn, títí láé. Mo lọ bá a ní ilé ìdáná ní òwúrọ̀. Ó ti sọ àgbàdo irúgbìn kalẹ̀, ó ń fi àtàǹpàkò yọ hóró rẹ̀ kúrò lára ṣùkù.

"Bọ̀ọ̀dá, ẹ jókòó kẹ́ ẹ bá mi ṣe é. Ẹ dúró tì mí bí ọlọ́pàá."

Mo jókòó, mo mú ọ̀kan.

Ó ní, "Ẹ sọ ọ́."

"Kí ni?"

"Mi ò mọ̀. Láti ìgbà tí mo ti dé lẹ ti ń lanu, tẹ́ ẹ tún ń pa á dé. Ẹ dà bí ẹja tó yẹ kó wà nínú kòtò Màámi."

Mo sọ ọ́ fún un. Mo sọ ti ọkọ́ tí mi ò rẹ, ti bàtà, ti agogo ilé ìwé, ti ebè méjìlélógójì. Ṣùkù ọwọ́ mi ni mò ń wò. Mo sọ ọ́ tán. Ọwọ́ rẹ̀ ò dúró. Hóró àgbàdo ń ta sínú abọ́, kó, kó, kó.

Ó ju ṣùkù tó ti yọ tán sẹ́gbẹ̀ẹ́ ààrò.

"Wọ́n pè mí láàárọ̀ ọjọ́ yẹn."

"Ta ni?"

"Màámi. Aago mẹ́sàn-án ku ogún ìṣẹ́jú. Àwọn oníbàárà tò síwájú mi, mo gé e. Mo ní màá pè wọ́n tí mo bá fẹ́ jẹun ọ̀sán."

"O ò sọ fún mi."

"Ẹ̀yin náà ò sọ fún mi."

Èmi ò kàwé jìnnà, àmọ́ mo mọ aago. Láti ìgbà tí Màámi pè é dé ìgbà tí mo dé oko, wákàtí kan àti ogún ìṣẹ́jú ni. Mo wò ó, mo rí i pé òun náà ti ṣírò ó.

Mo ní, "Kí ni wọ́n fẹ́ sọ fún ẹ?"

"Wọ́n fẹ́ fẹjọ́ yín sùn ni. Kí tún ni? Wọ́n á ní, 'Bọ̀ọ̀dá ẹ, alágbára, ó ti fi bàtà kan sùn.'" Ó fẹ́ rẹ́rìn-ín, kò jáde dáadáa. "Gbogbo ìgbà ni wọ́n máa ń pè mí láàárọ̀ láti fẹjọ́ yín sùn. Wọn kì í bínú o. Wọ́n kàn ń wá ẹni tí wọ́n á bá sọ̀rọ̀ ni."

Mi ò mọ ìyẹn. Èmi tí mò ń bá wọn gbé.

Mo bi í ní ohun tí mo ti fẹ́ bi nọ́ọ̀sì. Mo ní, "Ṣé wọ́n ṣì wà láyé nígbà tí mo dé?"

"Bọ̀ọ̀dá, tí mo bá ní rárá, ẹ ò ní gbà mí gbọ́. Mi ò mọ̀. Ẹ̀yin náà ò mọ̀. Bó ṣe máa wà nìyẹn." Ó mú ṣùkù mìíràn. "Ìdajì ẹ̀ tèmi ni. Ẹ má gbé gbogbo ẹ̀."

Ní ọjọ́ kejì, kó tó wọ ọkọ̀, ó ní kí n bá òun lọ, pé yàrá kan wà lẹ́yìn ilé wọn. Mo ní ta ni yóò gbin àgbàdo tí a jọ yọ. Kò bá mi jiyàn. Ó gbé báàgì rẹ̀ sórí ẹsẹ̀, ó yọ orí lójú fèrèsé ọkọ̀.

"Màá máa pè yín láràárọ̀. Kẹ́ ẹ máa gbé e o. Kẹ́ ẹ sì máa sọ̀rọ̀, kì í ṣe kẹ́ ẹ ní kí n kí ọkọ mi."

Mo ní mo gbọ́. Ọkọ̀ ṣí. Mo fẹ́ ní kó kí ọkọ rẹ̀.

Mi ò padà sílé. Mo gba oko lọ. Koríko ti hù yí ẹ̀rúkọ́ náà ká, ó dé orúnkún. Mo rò pé á nira láti fà, àmọ́ òjò ti mú ilẹ̀ rọ̀, ó tẹ̀ lé ọwọ́ mi wẹ́rẹ́. Irin rẹ̀ ti dípẹtà lórí ebè. Mo fi aṣọ mi nù ún. Mo tì í bọ igi. Ó ń mì.

Mo lọ sí ẹ̀yìn abà. Dúrọ́ọ̀mù ti kún dé ẹnu, omi ń kán láti ẹnu ọparun. Abọ́ náà dojú délẹ̀ níbi tí ẹnì kan tì í sí lọ́jọ́ yẹn. Mo ṣí i, mo fọ ẹrẹ̀ inú rẹ̀, mo bu omi sí i. Mo fi orí ọkọ́ náà sínú rẹ̀. Omi ò bo ibi tí igi ti wọ irin.

Mo tún lọ bu sí i.