Iná Abẹ́ Táńkì Epo

Òórùn epo pupa tó jóná kì í ṣe òórùn tí èèyàn ń gbàgbé. Á korò nímú, á lẹ̀ mọ́ aṣọ. Òun ló pàdé mi lọ́nà ní Ìwàrà, ìlú wa, nígbà ọyẹ́ ọdún kan, bí mo ti ń bọ̀ láti Òṣogbo pẹ̀lú pọ́ǹpù tuntun tí mo lọ rà ní Old Garage. Mo kọ́kọ́ rò pé ẹnì kan ló gbàgbé ìkòkò lórí iná. Ìgbà tí mo yọ sí ẹ̀yìnkùlé wa ni mo rí èéfín lábẹ́ táńkì.

Ìta ni táńkì náà wà, lórí òpó búlọ́ọ̀kù. Epo gbogbo àwa obìnrin ẹgbẹ́ ìjọ ló wà nínú rẹ̀, èmi ni wọ́n sì ní kí n máa tọ́jú rẹ̀ títí oníbàárà yóò fi dé. Ìwọ náà mọ bí epo ṣe ń ṣe nígbà ọyẹ́, á dì gbagidi bí òrí. Ìdí nìyẹn tí a fi ri páìpù káàkiri inú táńkì, tí pọ́ǹpù ń ti omi gbígbóná gba inú rẹ̀ kọjá, jẹ́jẹ́, kí epo lè máa ṣàn. A tún fi àpò ìdọ̀họ wé e lára bí ẹni pọn ọmọ. Ṣùgbọ́n pọ́ǹpù kọṣẹ́, ọyẹ́ ò sì dúró dè wá, bẹ́ẹ̀ ni Àlájà kan tó ń ta epo, tó sì ń se ọṣẹ, ní Alékúwodò ti ní òun ń bọ̀ wá gbé epo lọ́sàn-án ọjọ́ náà.

Ọkọ mi ló dáná. Tíṣà ni, kò mọ iṣẹ́ epo, ṣùgbọ́n ó ti rí i pé oorun ò kùn mí mọ́. Ó fẹ́ kí n dé bá epo tó ti yọ́. Ó kó igi sábẹ́ táńkì, ó koná mọ́ ọn. Tìsàlẹ̀ jóná dúdú, tòkè sì le síbẹ̀ bí òkúta.

Àwọn obìnrin ti dé ṣáájú mi. Mọ́tò Àlájà náà ti wà níbẹ̀.

“Tíṣà, ta ló rán yín níṣẹ́?” ìyá ẹgbẹ́ wa ń bi í.

Ìyàwó kékeré kan nínú wọn, tí ọkọ mi kọ́ ní ìwé rí, pariwo mọ́ ọn pé, “Ẹ ti bà wá láyé jẹ́!”

Ọkọ mi ò wí àwíjàre. Ó ṣí fìlà, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja nínú eérú àti ẹrẹ̀ epo, níwájú àwọn tí a lè bí lọ́mọ. Ojú tì mí débi pé etí mi ń hó. Mo wá ibi tí màá wò, mi ò rí. Mo kúnlẹ̀ tì í, mo ṣì di pọ́ǹpù mú.

“Èmi lẹ fi epo ṣọ́,” mo ní. “Ẹ dákun.”

Àlájà sọ̀ kalẹ̀ látinú mọ́tò, ó fi igi tọ́ epo wò, ó gbóòórùn rẹ̀.

“Subuhanallahi! Èyí tó jóná yìí ò ṣe é jẹ mọ́. Màá fi se ọṣẹ. Ẹ rọra yọ́ tòkè, màá padà wá. Tíṣà, ẹ dìde. Epo ló jóná, kì í ṣe èèyàn.”

Ó sì padà wá lóòótọ́. Ṣùgbọ́n àwọn obìnrin yẹn lọ láìdágbére, wọn ò sì gbé epo wá sọ́dọ̀ wa mọ́. Fún ìgbà pípẹ́, ìjókòó ẹ̀yìn ni mò ń jókòó sí ní ṣọ́ọ̀ṣì, mo sì máa ń jáde kí àlùfáà tó súre tán. Ọkọ mi ní tiẹ̀ ń kí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, bí wọ́n jẹ́, bí wọn ò jẹ́.

Títí dòní, bí mo bá rántí ẹ̀yìn rẹ̀ nínú ẹrẹ̀ yẹn, ojú a tún tì mí. Mo máa ń gbọ́ tí àwọn ìyàwó ń fi ọkọ yangàn, tọ̀hún kọ́lé, ti ìyẹn ra mọ́tò. Mi ò lè sọ tèmi láwùjọ, torí kò sí bí mo ṣe máa sọ ọ́ tí kò ní dà bí ẹ̀gàn: pé ọkọ mi dọ̀bálẹ̀ nítorí mi níwájú ọmọ tó kọ́ ní ìwé, àti pé láti ọjọ́ náà, ní gbogbo ìjà tí a ti jà, kò fi ṣe ìrègún fún mi rí.