Mo-Ti-Wí àti Kòkòrò Inú Wáyà

Lọ́jọ́ tí gbogbo kọ̀ǹpútà inú ilé oníṣọ́ọ̀bù gígùn kan dákú, ọkùnrin tó fọwọ́ ara rẹ̀ pín àìsàn náà láti ojúlé dé ojúlé ló kọ́kọ́ jáde síta. Ó káwọ́ gbera, ó wo gbogbo wọn lójú, ó ní, "Mo ti wí fún yín pé ó ń bọ̀."

Òótọ́ ni, ó ti wí. Àárọ̀ ọjọ́ náà ló rí kòkòrò tí wọ́n ń pè ní fáírọ́ọ̀sì lórí kọ̀ǹpútà ara rẹ̀, irú èyí tí kì í dúró de kí ẹnikẹ́ni ṣí i kó tó máa rìn. Ẹ̀rọ náà ń wọ́ bí ẹni tó jẹun ju agbára rẹ̀ lọ, iṣẹ́ tó tẹ̀ lánàá sì ti kọ̀, kò ṣí mọ́. Irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ kò ṣe é dá nìkan mọ̀. Ó da kòkòrò náà sórí fíláàṣì, ó ń wọ ṣọ́ọ̀bù kan jáde bọ́ sí òmíràn, ó ń ki fíláàṣì bọ kọ̀ǹpútà oníkálùkù kí wọ́n lè rí ojú ọ̀tá, kí wọ́n dá a mọ̀ tó bá dé. Wọ́n dá a mọ̀ dáadáa. Kò tíì kúrò lẹ́nu ọ̀nà wọn tí ọ̀tá fi dé.

Ibẹ̀ ni gbogbo ilé ti sọ ọ́ ní Mo-Ti-Wí, àmọ́ ìyàwó rẹ̀, aránṣọ tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ fara kan tiẹ̀, mọ̀ pé ìwà náà ti wà nílé tipẹ́. Nígbà kan tí àga já mọ́ ọn nídìí, láti ilẹ̀ tó wà ló ti ń pariwo pé òun ti wí pé àga yẹn máa já. Ìyàwó bi í pé kí ló wá jókòó lé e fún. Ó ní kí òun lè rí ẹ̀rí ni.

Ògiri pákó fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ló wà láàárín ṣọ́ọ̀bù àwọn méjèèjì. Bí aránṣọ bá ní ọ̀rọ̀ sọ, á fi ìdí àlùmọ́gàjí gbá ògiri, ọkọ á dáhùn láti òdì kejì, iyàn á sì bẹ̀rẹ̀. Bí wọ́n ṣe fẹ́ràn ara wọn nìyẹn.

Ìyá Olóògùn, tó ń ta oògùn ní ìkangun ilé náà, ló dá ẹjọ́ ọ̀hún. Ó ní ẹni tó gbé kòkòrò wọlé ni yóò lé e jáde, àti pé bí ó bá fi lè ní òun ti pa á tó sì tún padà, kó kó ẹ̀rọ rẹ̀ kúrò láàárín wọn. Gbogbo wọn fọwọ́ sí i. Aránṣọ wo ògiri pákó rẹ̀. Ta ni òun yóò wá máa bá jiyàn?

Mo-Ti-Wí káṣọ sókè. Ó lọ sí àdúgbò kejì, ó gba oògùn tó ń pa kòkòrò kọ̀ǹpútà sórí àwo sídì kan, lórí ẹ̀rọ tí kò bá tiwọn da nǹkan pọ̀ rí. Ó fọ kọ̀ǹpútà Ìyá Olóògùn, ara ẹ̀rọ náà yá. Ó bọ́ sí ti Onífọ́tò, tí òun náà ní ṣọ́ọ̀bù níbẹ̀, ìyẹn náà yá. Kí ó tó nu òógùn ojú, ti Ìyá Olóògùn ti tún dùbúlẹ̀. Bó ṣe ń sáré lọ, tó ń sáré bọ̀ nìyẹn, títí àwọn oníbàárà fi rò pé ẹnì kan ń lé e. Ìyá Olóògùn bi í bóyá kòkòrò náà ti kú. Mo-Ti-Wí rántí ẹjọ́ tí wọ́n dá. Ó ní ó ti ń rẹ kòkòrò náà.

Aránṣọ gbá ògiri. "Ẹ̀yin ọkọ mi, bí iná orí bá mú àwọn ọmọ tó jọ ń sùn lórí ẹní kan, ṣé orí ọmọ ẹyọ kan lẹ máa fọ̀, kẹ́ ẹ tún dá a padà sórí ẹní?"

"Ohun tí mo ti ń wí láti àárọ̀ nìyẹn," ni ọkọ dáhùn.

Wáyà ni ẹní ọ̀hún. Òun ló so gbogbo kọ̀ǹpútà ilé náà mọ́ ẹ̀rọ ìtẹ̀wé kan ṣoṣo, ibẹ̀ ni kòkòrò ń gbà kí wọn kiri. Ilẹ̀kùn ẹ̀rọ wọn kò sì tì. Ó ti pẹ́ tí àwọn tó ṣe kọ̀ǹpútà ti ń fi àtúnṣe ránṣẹ́ láti dí ihò tí irú kòkòrò bẹ́ẹ̀ ń gbà wọlé, ṣùgbọ́n bí ẹ̀rọ bá ti bi wọ́n pé ṣé kí òun gbà á, ohun tí oníkálùkù ń tẹ̀ ni pé kó di ìgbà mìíràn. Ọ̀rọ̀ ìwọlé kan náà ni gbogbo wọn ń lò, wọ́n sì ti kọ ọ́ gàdàgbà sára ògiri ìta kí ẹnikẹ́ni má baà gbàgbé.

Mo-Ti-Wí wá là á yé wọn pé kí gbogbo wọn yọ wáyà lẹ́ẹ̀kan náà. Òun yóò fọ ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀, yóò dí ihò rẹ̀, oníkálùkù yóò mú ọ̀rọ̀ ìwọlé tuntun tí aládùúgbò rẹ̀ kò mọ̀, kò sì sí ẹ̀rọ tó gbọdọ̀ padà sórí wáyà títí èyí tó kẹ́yìn yóò fi gbádùn. Ó bẹ̀ wọ́n lójúlé-ojúlé. Wọ́n yọ ọ́, àfi Onífọ́tò, tó ń tẹ fọ́tò ìgbéyàwó lọ́wọ́.

"Bàbá, wáyà mi ò kúrò níbẹ̀ o. Ọ̀la ni tọkọtìyàwó ń bọ̀."

"Bí o ò bá yọ ọ́, fọ́tò tí kò lójú lo máa kó fún wọn."

"Ẹ kọ́kọ́ fọ tiyín ná, kí n rí i."

Mo-Ti-Wí padà sídìí kọ̀ǹpútà tirẹ̀. Ìwé kan wà lórí kọ̀ǹpútà rẹ̀ tó ti ń tẹ̀ fún ọdún gbọọrọ, *Gbogbo Ohun Tí Mo Ti Wí* ni àkọlé rẹ̀. Ibẹ̀ ni kòkòrò ti bẹ̀rẹ̀, ó sì ti jẹ ẹ̀rọ náà wọnú débi pé fífọ̀ kò ràn án mọ́, àfi kí ó pa gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀ rẹ́ kó sì bẹ̀rẹ̀ lákọ̀tun. Ó jókòó níwájú gbogbo wọn, ó tẹ bọ́tìnnì.

"Ṣé ó dùn yín?" ni ìyàwó rẹ̀ bi í.

"Ojú ewé àkọ́kọ́ ni mo ti wí pé kòkòrò ò lè wọ ẹ̀rọ mi láéláé."

Onífọ́tò ló kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín. Ó rẹ́rìn-ín títí, ó sì na ọwọ́ sẹ́yìn, ó fa wáyà rẹ̀ yọ fúnra rẹ̀. Kòkòrò kò tíì jẹ dé ọ̀dọ̀ ìyàwó inú fọ́tò. Kí ilẹ̀ tó ṣú, gbogbo ẹ̀rọ ti gbádùn, wọ́n padà sórí wáyà, kò sì sí èyí tó tún dùbúlẹ̀. Ní ti fíláàṣì ìkìlọ̀ náà, aránṣọ gbà á, ó rán an mọ́ inú ìrọ̀rí kó má baà tún jáde lọ kí aládùúgbò.

Ọkùnrin náà ò kúrò láàárín wọn, ẹnu rẹ̀ ò sì dín kù. Ó ní ọjọ́ kan ń bọ̀ tí gbogbo wọn máa yọ wáyà lẹ́ẹ̀kan náà, tí òun ò ní bẹ ẹnikẹ́ni. Wọ́n fi í ṣe yẹ̀yẹ́ títí ó fi darúgbó.

Lọ́jọ́ tí wọ́n sin ín, èrò pọ̀ jù nílé, aránṣọ bá yọ́ wá sí ṣọ́ọ̀bù. Ó jókòó. Ó gbàgbé, ó fi ìdí àlùmọ́gàjí gbá ògiri. Kò sí ìdáhùn. Ìgbà náà ló fura pé gbogbo ilé náà ló dákẹ́: kọ̀ǹpútà kankan ò kùn, ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ò sì ró. Ó jáde síta. Lẹ́nu ọ̀nà kọ̀ọ̀kan, wọ́n ti yọ wáyà sílẹ̀, ti Ìyá Olóògùn ti wà ní kíká. Onífọ́tò dúró sí ẹnu ọ̀nà tirẹ̀, ó di ẹnu wáyà mú bí ọmọ tí wọ́n ká mọ́ ìdí ìkòkò ọbẹ̀.

"Ta ló ní kẹ́ ẹ yọ ọ́?" ni aránṣọ bi í.

"Kò sẹ́ni tó bẹ̀ wá, Ìyá," ni Onífọ́tò wí. "Bàbá ti wí."

Aránṣọ rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó padà wọlé, ó sì gbá ògiri pákó náà lẹ́ẹ̀kan sí i, jẹ́ẹ́jẹ́, kí ọkọ rẹ̀ lè mọ̀ pé lọ́tẹ̀ yìí, òun ò jiyàn.