Dín Ìdin Yẹn

Ìdin máa ń pariwo bó bá pọ̀ nínú ike tó sì ń jẹun. Ariwo náà dà bí òjò tó rọra ń kán sórí ewé. Ìyá àgbà a bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, wọ́n a gbé etí sún mọ́ ike, wọ́n a fọwọ́ pè mí. "Wá gbọ́. Iṣẹ́ ni wọ́n ń ṣe yẹn." Lẹ́yìn náà wọ́n a kí àwọn ìdin, "Ẹ kú iṣẹ́ o," bí ẹni tó ń kí bíríkìlà. Èmi náà a kí wọn. Kò rí mi lára rárá. Mo ṣáà fẹ́ mọ ohun tí wọ́n ń bára wọn sọ ni.

Ìyá tó bí ìyá mi ni mò ń sọ. Ògbómọ̀ṣọ́ ni wọ́n ti wá sí Accra kí wọ́n tó bí mi. Ọṣẹ ni wọ́n ń tà ní Kaneshie, wọ́n sì ń sin adìyẹ lẹ́yìnkùlé ilé tí a háyà ní Lapaz. Láti ìgbà tí bàbá àgbà ti kú, àwọn adìyẹ yẹn ni wọ́n kọ́kọ́ ń bá sọ̀rọ̀ láàárọ̀, kí wọ́n tó dá ẹnikẹ́ni lóhùn nínú ilé.

Tẹ́lẹ̀, ẹja gbígbẹ tí wọ́n lọ̀ ni wọ́n ń pò mọ́ èérí àgbàdo fún adìyẹ. Nígbà tó yá, ẹja wọ́n gógó, ó sì ń bí Ìyá àgbà nínú pé ẹja tó yẹ kó wà nínú ọbẹ̀ wa, adìyẹ ló ń jẹ ẹ́. Lọ́jọ́ kan wọ́n rí i tí àwọn adìyẹ fi oúnjẹ sílẹ̀, tí wọ́n ń fẹsẹ̀ tu ààtàn, ìdin ni wọ́n ń ṣà jẹ. Ìyá àgbà gbé àpótí síbẹ̀, wọ́n jókòó, wọ́n ń wò wọ́n. Wọn ò lọ sọ́jà lọ́jọ́ náà. Láti ìgbà yẹn, bí wọ́n bá ń ti Kaneshie bọ̀, èèpo ọsàn, ọ̀pẹ̀ òyìnbó tó ti rà àti kẹ́ńkẹ́ àná, ẹ̀kọ àwọn ará Gánà, ni wọ́n ń rù wálé. A ń da gbogbo rẹ̀ sínú ike ńlá kan. Eṣinṣin dúdú gígùn kan, irú èyí tí kì í bà lé oúnjẹ èèyàn, a wá yé ẹyin síbẹ̀. Àwọn adìyẹ sanra, ẹyin wọn pọ́n dáadáa nínú.

Òórùn ni wàhálà ibẹ̀. Ìdin wá pọ̀ ju ohun tí adìyẹ lè jẹ tán lọ, àwọn tó kú ń jẹrà mọ́ àwọn tó wà láàyè. Onílé wa, bàbá Gã kan tó fẹ́ràn funfun, dúró sẹ́nu ọ̀nà, ó fi áńkáṣíìfù dí imú, ó pe Ìyá àgbà bí wọ́n ṣe ń pe àwọn obìnrin Yorùbá ní Gánà.

"Maame Alata, ɛbɔn o! Ó ń rùn! Tó bá ṣì ń rùn di Sunday, the fowls must go."

Ìyá àgbà bẹ̀ ẹ́ ní Twi, wọ́n bẹ̀ ẹ́ ní òyìnbó díẹ̀ tí wọ́n gbọ́. Nígbà tó lọ, wọ́n lọ dúró ti ilé adìyẹ, wọ́n káwọ́ lérí. Ẹ̀rù bà mí, torí mi ò rí wọn bẹ́ẹ̀ rí àfi lọ́jọ́ tí bàbá àgbà kú.

Lọ́jọ́ kejì, bí wọ́n ti ń gbé igbá ọṣẹ jáde, wọ́n kígbe sí mi láti ẹnu géètì. Níka-níka, ẹ̀rọ ìyá tó ń lọ àgbàdo lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa, ti ń dún kíkankíkan. Ohun tí mo gbọ́ ni, "Dín ìdin yẹn!"

Ọmọ tí wọ́n bí sí Gánà ni mí. Yorùbá tí mò ń gbọ́ kò ju ti inú ilé lọ, ti oúnjẹ ló sì pọ̀ jù níbẹ̀. Dín dòdò, dín ẹja, dín ẹyin. Mo ro ó, ó yà mí lẹ́nu, ṣùgbọ́n àwọn àgbà ló mọ ohun tí wọ́n ń ṣe. Mo dáná sí kóòpọ́ọ̀tù, ààrò eléèédú wa, mo gbé agbada ńlá kaná láìda òróró sí i, mo sì fi asẹ́ kó gbogbo ìdin inú ike dà sínú rẹ̀. Wọ́n ń ta pàù-pàù. Òórùn burúkú yẹn lọ díẹ̀díẹ̀, òmíràn dé, ó jọ ti ẹ̀pà yíyan. Mo fọ ike náà kí n tó jókòó.

Ìyá àgbà dé, wọ́n dúró lójú ọ̀nà, wọ́n ń fa imú. Wọ́n wo ike tó mọ́. Wọ́n wo agbada. Wọ́n wo ojú mi pẹ́.

"O dín in."

"Bẹ́ẹ̀ ni, Ìyá àgbà. Ó gbẹ dáadáa."

Wọ́n mú ẹyọ kan, wọ́n fi ìka rún un, wọ́n gbọ́ òórùn rẹ̀. Wọ́n ju òmíràn sí adìyẹ, adìyẹ gbé e mì, ó tún ń wá sí i. Ni wọ́n bá gbé odó. A gún un kúnná, a rọ ọ́ sínú agolo, wọ́n sì ṣí agolo náà wò lálẹ́ àti láàárọ̀, bóyá ó ń rùn. Kò rùn. Láti ọjọ́ náà, bí ìdin bá ti tó kó, agbada yá. Nígbà tí onílé dé lọ́jọ́ Sunday, ó fa imú títí, ó ní kí wọ́n bu díẹ̀ nínú ẹ̀pà náà fún òun. Mo sá wọlé lọ rẹ́rìn-ín.

Mo dàgbà, mo sì lọ ń ṣiṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń sin ìdin fún oúnjẹ ẹja àti adìyẹ. Ó pẹ́ gan-an lẹ́yìn náà kí àìsàn tó dá Ìyá àgbà dùbúlẹ̀. Mo jókòó tì wọ́n lọ́jọ́ kan, rédíò ń ké.

"Dín rédíò yẹn kù, ọmọ mi. Orí ń fọ́ mi."

Ọwọ́ mi dé orí rédíò, ó dúró síbẹ̀. "Te so" tí àwọn oníbàárà fi ń ní ká dín owó ọjà kù ní Twi ni mo mọ̀ nígbà ọmọdé, mi ò mọ "dín kù" ti Yorùbá. Mo yíjú sí wọn.

"Ìyá àgbà, lọ́jọ́ ìdin yẹn, kí lẹ ní kí n ṣe gan-an?"

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi gbé wọn. "Mo ní kí o dín in kù! Kí o bu lára rẹ̀ dànù, kí òórùn lè rọlẹ̀. Ìwọ gbé gbogbo wọn kaná."

"Kí ló dé tẹ́ ò sọ fún mi?"

"Kí n wá sọ kí ni? O dúró ti agbada, inú rẹ ń dùn. Mo ní kí n kọ́kọ́ wo ohun tó wà níbẹ̀ ná."

Wọ́n ti lọ báyìí, àárò wọn sì ń sọ mí. Bí ẹnì kan níbi iṣẹ́ bá ṣe ohun tí mi ò rán an, ohùn mi a ti fẹ́ lọ sókè. Mo máa ń dín in kù. Màá sún mọ́ ibẹ̀, màá kọ́kọ́ wo ohun tó wà nínú agbada.