Bọ́ílà Tí Mo Yàn Nítorí Ìyá Mi

Ìyá mi ti búra pé òun ò ní wá sí Laurelton wá wẹ ọmọ kankan fún mi mọ́. Nígbà tó wá wẹ àkọ́bí mi, ọṣẹ ṣì wà lórí ọmọ lọ́jọ́ kan tí omi gbígbóná inú tánkì tán, ni omi tútù bá dà lé e lórí. "Ẹ gbé mi wá sílùú òyìnbó kí n wá fi òtútù pa ọmọ ọlọ́mọ!" Ó ń sọ ọ́ títí ó fi wọ bàálù.

Àfi bí mo ṣe lóyún ìkejì tí bọ́ílà tó ń mú ilé àti omi tánkì náà gbóná sì kú pátápátá. Ta ni yóò wẹ ọmọ yìí? Ṣé ọkọ mi tó ń gbé omi ẹ̀bà kaná tó ń gbàgbé ẹ̀ títí ìkòkò fi ń jó? Kí n má purọ́, àárò ìyá mi náà ń sọ mí.

Pílọ́ńbà ní ọ̀nà méjì ló wà: ká tún ra bọ́ílà pẹ̀lú tánkì ńlá, tàbí ká ra èyí tí wọ́n ń gbé kọ́ ara ògiri, tó ń mú ilé gbóná, tó sì ń mú omi náà gbóná bó ṣe ń ṣàn. Ó kìlọ̀ pé bí omi gbígbóná bá ti ń ṣàn, ti ara ògiri yìí á pa mímú ilé gbóná tì ná. Ọkọ mi ní tánkì lòun fẹ́.

Mo ní, "Ti ara ògiri yẹn, ṣé omi rẹ̀ máa ń tán?"

"Rárá, mà."

"Ẹ gbé e kọ́!"

Wọ́n gbé e kọ́. Mo pe ìyá mi lórí fídíò, mo ṣí omi sílẹ̀ kó máa wò ó. Ó wò ó títí, ó ní, "Ẹ bá mi wá tíkẹ́ẹ̀tì."

Mo bímọ, ìyá mi dé. Ó wẹ ọmọ, ọmọ sùn fọnfọn, ó wá kọjú sí mi. Ẹni tó bá ti bímọ nílé Yorùbá mọ ohun tí mò ń wí: omi gbígbóná janjan, táwẹ̀lì, àti ikùn ìyá ọmọ. Nígbà àkọ́bí, tánkì ló ń gbà mí sílẹ̀; bí omi bá ti tán, ó di ọ̀la. Yéè! Àfọwọ́fà gbáà ni!

"Màámi, ó ti tó."

"Kí ló tó? Ṣé omi ti tán ni?"

Ọkọ mi yọjú lẹ́nu ọ̀nà balùwẹ̀, ó wọ kóòtù, ó fa fìlà bo etí, torí gbogbo ilé ti tutù. Mo ṣẹ́jú sí i pé kó bá mi bẹ ìyá mi. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja. "Ẹ kú iṣẹ́, mà. Ẹ kú ìtọ́jú wa." Ó dìde, ó bá tiẹ̀ lọ. Ọ̀dàlẹ̀!

Ìyá mi tún ki táwẹ̀lì bọ omi, ó ń kọrin. Ó ní pẹ̀lú irú omi báyìí, oṣù mẹ́ta tí òun fẹ́ lò ti kéré jù, òun á kúkú lo mẹ́fà. Ni mo bá bú sẹ́kún. Ọkọ mi rò pé ìrora ni; kò mọ̀ pé ayọ̀ ni, pé màámi á pẹ́ lọ́dọ̀ mi.