Gòólù Tí Omi Gbá Wọ Etí Mi

Etí ni mo fi ń jẹun. Ògbufọ̀ ni mí ní kóòtù Igbosere: ẹlẹ́rìí á sọ Yorùbá, èmi á gbé e fún adájọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì. Ẹ wá wo irú mi, ẹni tó ti lé ní àádọ́ta ọdún, tó lọ ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń fi èémí kan ṣoṣo mòòkùn!

Ọmọ ilé wa ní Ẹ̀pẹ́tẹ̀dó ló ń kọ́ mi, obìnrin tí mo máa ń gbé lé èjìká nígbà tó wà ní kékeré. Nínú omi ìlúwẹ̀ẹ́ òtẹ́ẹ̀lì kan la ti bẹ̀rẹ̀.

Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, bí ẹ bá ṣe ń lọ sísàlẹ̀, ẹ máa equalise o, kí omi má bàa tẹ etí yín. Ẹ di imú mú, ẹ rọra fẹ́ ẹ. Ẹ máa gbọ́ 'pọ́' nínú etí."

Equalise kẹ̀? Ta ló fẹ́ kọ́ èmi tí mi ò pa bọ́ọ̀lù jẹ rí! Ṣebí wọ́n á kọ́kọ́ gbá gòólù síni ká tó dá a padà. Mo mòòkùn, mo ń dúró kí omi gbá tiẹ̀ wọlé. Ó sì gbá a! Etí òsì ta mí bí ẹni fi abẹ́rẹ́ gún un. Ìgbà yẹn ni mo wá di imú mú, mo fi gbogbo agbára fẹ́ ẹ. Yéè! Mo jáde, orí ń pòòyì, etí dí pinpin.

Lọ́jọ́ kejì, ìyá àgbà kan jẹ́rìí ní kóòtù pé, "Ọkọ̀ ló gbá mi sí gọ́tà." Èmi gbọ́ "ọkọ". Mo yí i sí Gẹ̀ẹ́sì pé ọkọ rẹ̀ ló gbá a sí gọ́tà. Kóòtù bú sẹ́rìn-ín. Nígbà tí wọ́n sọ ohun tí mo wí fún ìyá, ó ní, "Ọkọ wo? Èyí tó ti wà ní sàréè látọjọ́ yìí?" Adájọ́ nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó ní tí etí mi ò bá mọ́, òun á gba ògbufọ̀ mìíràn. Ẹ̀rù bà mí gan-an.

Dókítà ní awọ inú etí kò ya, ṣùgbọ́n mi ò gbọdọ̀ mòòkùn títí yóò fi san. Nígbà tó san, tí dókítà ní mo lè padà, mo sọ ọ̀rọ̀ gòólù yẹn fún olùkọ́ mi. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n! Ẹ má jẹ́ kó gbá kankan wọlé! Kó tó dùn yín ni kí ẹ ti fẹ́ ẹ. Tó bá kọ̀ tí kò ṣí, ẹ máa bọ̀ lókè. Ọjọ́ tí kàtá bá ń yọ yín lẹ́nu, ẹ jókòó sílé. Omi ò ní sá lọ."

Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, la fi dá Ilé-Ifẹ̀. Mo padà sínú omi. Mo rọra fẹ́ ẹ: pọ́! Mo tún lọ díẹ̀: pọ́! Kò dùn mí rárá. Ọwọ́ mi kan táìlì ìsàlẹ̀ omi, inú mi dùn débi pé díẹ̀ ló kù kí n rẹ́rìn-ín mu omi.

Bí mo ṣe yọrí, olùkọ́ mi bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ lẹ́bàá etí òsì mi, ó sọ ọ́ jẹ́jẹ́ pé, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ ká ṣe kíá, ọkọ mi wà nínú ọkọ̀."

Mo pariwo débi pé gbogbo òtẹ́ẹ̀lì yíjú sí mi: "Mo gbọ́ méjèèjì!"